“Ò” Tí Mo Gé Kúrò Lẹ́nu Màmá

Ẹ̀yin ẹbí wa ní Iléṣà, ní Èkó, ní Calgary, àti ibi yòówù tí fídíò Màmá bá ti bá yín, mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá fẹ́ tún fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nínú yín, kí ó dáwọ́ dúró ná, kí ó ka ọ̀rọ̀ mi yìí tán. Irọ́ ni fídíò náà. Ojú Màmá ni ẹ rí, ohùn Màmá ni ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbọ́ yẹn, Màmá ò sọ ọ́ rí. Èmi Morọ́láyọ̀, ọmọ Adélọ́lá, ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu, tí mo sì sọ ọmọ tó bí di ọ̀daràn lójú ayé. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti pa á rẹ́, tí mo tún ń kọ ọ́ padà. Fóònù mi kàn dún lórí tábìlì nísinsìnyí, mo rò pé ẹnì kan ti mọ̀ kí n tó sọ. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí ìtìjú mi tó tún borí mi.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ ohùn mi. Bí ẹ bá pe Mọ́mì, tí wọ́n ní kí n kí yín, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́” ni mo máa ń sọ, màá sì ti dá fóònù padà kí ẹ tó bi mí ní nǹkan mìíràn. Ìtìjú ni mo bá wáyé. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Calgary yìí, mo lọ sí school díẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sín mi jẹ bí mo ṣe ń sọ English, mo bá pa ẹnu mi dé pátápátá. Mọ́mì yọ mí kúrò. Wọ́n ní ilé ni àwọn á ti máa kọ́ mi. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, wọn á bọ́ bàtà snow, wọn á mu tíì, wọn á ṣí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà sínú basement wa ní Castleridge, láàárín ìwé, kọ̀ǹpútà, àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ń ti pálọ̀ òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi láti ojú ihò tí atẹ́gùn heater ń gbà wọlé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹbí wa, ojú ihò yẹn ni mo ti gbọ́ ọ.

Inú basement yẹn náà ni mo ti kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń gé fídíò. Bí àwọn ará wa bá ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, èmi ni wọ́n ń gbé e fún. Pásítọ̀ tó bá ń gbàdúrà tó ti gbàgbé ibi tó ń lọ, èmi ni mo máa ń bá a wá ọ̀nà àbùjá. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, àbí kí ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tún lè ṣe ju pé kó máa tún ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe? Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè má mọ̀: fídíò tí ẹ ń wò, àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn. Frame là ń pè wọ́n. Nǹkan bí ọgbọ̀n ló ń kọjá lójú yín kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá a lè yọ ẹyọ kan ṣoṣo láàárín wọn kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn: ohun tí a gé kì í sọnù. Ó kàn máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn etí ibi tí a gé e sí ni. Bí a bá di etí náà mú, tí a fà á, gbogbo rẹ̀ á tún yọ jáde bí ẹni pé a ò fọwọ́ kàn án rí. Mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Nígbà tí Màmá, ìyá ìyá mi, ti Iléṣà dé, yàrá tó kọjú sí tèmi ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Mo ti ń gbọ́ nípa ọ̀rẹ́, mi ò ní in rí, àfi ìgbà tí Màmá dé. Etí wọn ti wúwo, fóònù kàn máa ń hó sí wọn létí ni, torí náà ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní láti jókòó síwájú wọn kí wọ́n máa wo ẹnu rẹ̀. Èmi tí mi ò lè wo ojú ènìyàn, mo kọ́ láti wo ojú Màmá. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Morọ́láyọ̀, ọjọ́ tí ọkọ bá dé, tó ní òun fẹ́ ọ, ta ló máa bá ọ dá a lóhùn? Ṣé kọ̀ǹpútà yìí ni?” Màá rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin lẹ máa bá mi dá a lóhùn.” “Èmi? Màá ní kó kọ́kọ́ fẹ́ èmi ná!” Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n rí i tí mo ń gé ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ̀ lò ń bẹ́ ni?” Mo ní, “Ikọ́ rẹ̀ ni mò ń gé kúrò, Màmá.” Wọ́n fọwọ́ kan orúnkún wọn. “Ó dáa. Bí o bá ṣe é tán, wá bá mi gé ìrora inú eléyìí náà dànù.”

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Uncle Dúró. Ẹ mọ̀ wọ́n sí Dúrótìmí, àbúrò Mọ́mì, tó ń gbé Mahogany, níbi tí adágún wà láàárín àdúgbò. Nígbà tí Bàbá àgbà kú ní Iléṣà, PR Uncle, ìwé àṣẹ ìgbé ìlú yìí, ò tíì jáde. Bí wọ́n bá kúrò ní Canada lákòókò yẹn, wọ́n lè má rí ọ̀nà padà wọlé. Orí fóònù ni wọ́n ti wo ìsìnkú bàbá wọn. Ẹ̀yin náà ò gbàgbé ohun tí Bọ̀dá Ọlábánjọ sọ nínú group ẹbí: “Àkọ́bí ọkùnrin tí kò da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè bàbá rẹ̀, ọmọ wo nìyẹn?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Uncle lára bí ẹ̀gún. Nígbà tí Màmá dé, Uncle wá kí wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀ wa. Màmá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò wẹ̀yìn mọ́. Uncle dìde, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò tún tẹ ilé wa. Mọ́mì bẹ̀ wọ́n títí. Mo gbọ́ ohùn Uncle lórí speaker láti ojú ihò heater: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí Màmá bá ní mi ò ṣẹ̀ àwọn, ọjọ́ yẹn gan-an ni màá wá gbé wọn lọ sílé mi.” Ẹ ò rí i, mo mọ̀. Kí Màmá tó lanu rárá ni mo ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa mú lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyàwó Uncle, Àǹtí Tàíbátù, bí ọkùnrin nígbà tí òtútù mú jù. Nígbà tí Mọ́mì sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n jó díẹ̀ lórí ìjókòó, wọ́n wá pè mí. “Gbé ẹ̀rọ rẹ wá. Mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Mo ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbé e wá síbí mọ́ bí mi ò bá ránṣẹ́ sí i.” Wọ́n wé gèlè, mo gbé wọn jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ snow ti ń wọlé láti ojú fèrèsé. “Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?” “Ẹ máa sọ ọ́, Màmá.” “Ṣé gèlè mi ò wọ́?” “Kò wọ́.” “Bí ó bá wọ́, bá mi gé e!” Mo rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, ikọ́ mú wọn. Lẹ́yìn náà ojú wọn yí padà, wọ́n sì sọ ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ pátá, láìyọ nǹkan kan:

“Mo gbọ́ pé ìyàwó ti bí. Mo kí i kú ewu. Wọ́n ń sọ káàkiri pé mò ń bínú, ta ni mo sọ ọ́ fún? Dúrótìmí ò ṣẹ̀ mí. Ikú bàbá rẹ̀ ni ó dùn mí. Ọjọ́ tó wá kí mi, tí mo kọjú sí ògiri, ẹkún ni mò ń sun. Ó ti wá jọ bàbá rẹ̀ jù, mi ò lè wò ó. Kó wá mú mi. Mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ rẹ̀ fún un. Orúkọ tí mo sọ ọmọ náà ni Bándélé, torí òun ni yóò bá mi dé ilé bàbá rẹ̀. Kí Ọlọ́run wò ó.”

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì ń múra ibi iṣẹ́. Wọ́n ní, “Morọ́láyọ̀, gé e kó kúrú o. Bí wọ́n bá wúkọ́ níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò. O mọ Dúró, bí fídíò bá ti gùn, kò ní wò ó dópin.” Ohun tí Mọ́mì sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á fẹ́ wá ẹ̀bi fún wọn. Mọ́mì lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí basement. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta lórí snow, kò sí òkùnkùn kankan tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní yàrá kejì, Màmá ti ń kó ẹrù. Wọ́n ń to kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú àti òrí tí wọ́n gbé ti Iléṣà wá sínú báàgì kan, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sókè bí adití ṣe máa ń ṣe. “Wọ́n ní omi ńlá wà ládùúgbò rẹ̀. Ṣé yàrá á wà fún mi níbẹ̀? Yóò wà. Ọmọ mi ni.” Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa síìpù báàgì náà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Mo rí yàrá náà lófìfo. Mo rí ara mi nídìí àwo oúnjẹ, èmi nìkan, tí Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, tí mi ò ní rí ẹni tí màá wo ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣàánú mi nítorí èyí o. Ọmọ tí ìyá àgbà ń dùn mọ́ pọ̀ láyé, wọn ò torí rẹ̀ di olè.

Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gé. Iṣẹ́ ni, wọ́n rán mi. Lẹ́yìn ikọ́, mo gé ibi tí Màmá ti ní “Kó wá mú mi.” Mo sọ fún ara mi pé kó kúrú ni. Mo gé ẹkún, mo gé ògiri, mo gé orúkọ ọmọ. Lóòótọ́ ni fídíò náà kúrú. Ṣùgbọ́n “Dúrótìmí ò ṣẹ̀ mí” ṣì wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé gbólóhùn yẹn nìkan ti tó, Uncle á ti mọ́tò wọn jáde kí fídíò tó parí. Mo fi earphone sétí. Mo fẹ ìlà ohùn náà títí ó fi gbòòrò lójú mi. Mo rí orúkọ Uncle bí òkè, mo rí “ṣẹ̀ mí” bí òkè kejì, láàárín wọn, òkìtì kékeré kan báyìí: “ò.” Kò ju frame márùn-ún lọ. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ti rí. Ẹlòmíràn á ní láti yọ odidi ọ̀rọ̀ kí ó tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ di bẹ́ẹ̀ ni, tiwa, mímí èémí kan ni. Mo gé e. Mo tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀: “Dúrótìmí ṣẹ̀ mí.” Ó dán bí ohun tí Màmá sọ látilẹ̀. Mo dá a padà. Mo tún gé e. Mo tún dá a padà. Ní yàrá kejì, Màmá bẹ̀rẹ̀ orin kan, tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Mo gé e, mi ò sì dá a padà mọ́. Mo wá gé “Ikú bàbá rẹ̀ ni” kúrò, ó ku “ó dùn mí.” Síbẹ̀, ó ku nǹkan kan. Níbi tí mo ti gé e, ètè Màmá fò díẹ̀, ẹni tó bá fojú sílẹ̀ lè rí i. Mo wá àwòrán tí màá fi bò ó. Ẹ dárí jì mí, ọwọ́ mi fẹ́ kọ̀ láti kọ eléyìí. Àwòrán Bàbá àgbà ni mo mú, tí wọ́n wọ agbádá funfun, èyí tí wọ́n gbé síwájú pósí. Òun ni mo fi bo ojú ọgbẹ́. Nítorí náà, bí Uncle bá ń gbọ́ “Dúrótìmí ṣẹ̀ mí, ó dùn mí,” bàbá tí wọn ò lè sin ni yóò máa wò wọ́n lójú. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò kì wá nílọ̀ ẹni tó máa ki abẹ́rẹ́ bọ ẹyin, tó máa fa inú rẹ̀ mu, tó máa gbé èèpo rẹ̀ kalẹ̀ láìfọ́.

Nígbà tí Mọ́mì wò ó, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. “Háà! Màmá sọ báyìí?” Wọ́n wò mí. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo tẹrí ba. Wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, torí náà ìdákẹ́ mi ò jọ irọ́ lójú wọn. Mọ́mì mí kanlẹ̀. “Bóyá ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Dúró ní òun fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wọn. Mi ò ní bi wọ́n sí i, kó má baà tún dùn wọ́n.” Wọ́n fi ránṣẹ́. Èsì Uncle dé, ohùn wọn kéré: “Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá pé wọn ò purọ́ fún mi.” Mọ́mì fi fídíò náà ṣọwọ́ sí Àǹtí Bùsọ́lá ní Èkó pé kí wọ́n bá àwọn tu Uncle nínú. Àǹtí Bùsọ́lá gbé e sínú group, ibẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Bọ̀dá Ọlábánjọ sọ̀rọ̀ síbẹ̀ pé, “Mo ti wí! Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti jáde báyìí!” Fóònù Mọ́mì ò yéé dún.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ kọjá sí Mahogany, Màmá sì wọ aṣọ láti àárọ̀. Wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé pẹ̀lú báàgì wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wo títì. Mọ́tò tó bá ti yà wọ ọ̀nà wa, wọn á gbé ọwọ́ lé okùn báàgì. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí, “Ṣé ó rí fídíò yẹn?” Mo ní, “Wọ́n rí i, Màmá.” “Kí ló wá wí?” Mo ní, “Wọ́n ní àwọn dúpẹ́.” Wọ́n mi orí. “Ó dúpẹ́.” Wọ́n yọ gèlè, wọ́n rọra ká a. Ọláwándé ni wọ́n sọ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó mẹ́nu ba Bándélé níbẹ̀. Màmá wà lọ́dọ̀ mi bí mo ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Bí mo bá jókòó síwájú wọn, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù wọ́n ní kíṣìnnì. Ambulance gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n la ojú ní ọsibítù, apá ọ̀tún ò gbé, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ti lọ. Ohùn kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè mú jáde. “Ò.” Bí wọ́n bá gbé omi fún wọn, “ò.” Bí Mọ́mì bá tún ìrọ̀rí wọn ṣe, “ò.” Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé ohùn kan lè kù sẹ́nu ẹni tí àrùn náà bá mú, kò sì ní ìtumọ̀. Mọ́mì ní, “Màmá ń kérora ni.” Èmi dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nínú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún ènìyàn! Mo sá jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo di etí mi méjèèjì, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá mọ ohun tí mo ṣe. Etí wọn ò lè gbọ́ fídíò yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀yin á lè sọ pé kò ní ìtumọ̀?

Láti ojú fèrèsé ọsibítù ni mo ti rí mọ́tò Uncle Dúró nísàlẹ̀, nínú parking. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èéfín ń rú jáde nínú òtútù. Mo ní, “Mọ́mì, Uncle ti dé.” Mọ́mì ní, “Ojoojúmọ́ ló ń wá. Kì í gòkè. Ó ní bí òun bá wọlé, tí inú Màmá bá ru, wọ́n á ní òun náà ló pa ìyá òun.” Mo wo bẹ́ẹ̀dì, mo wo mọ́tò. Dókítà ti sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pè. Mo gbé báàgì laptop mi. Mi ò rántí bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn mọ́tò, Uncle ṣí i, ojú wọn ti wú. “Ṣé Màmá ti…?” Mo ní, “Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nǹkan kan.” Mo wọlé, mo ṣí laptop lórí orúnkún mi. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́, torí náà mo ṣe é lójú wọn. Mo gbé àwòrán Bàbá kúrò. Mo di etí ibi tí mo gé mú, mo fà á. Frame márùn-ún yọ jáde láti ibi tí wọ́n ti ń sá pamọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. “Dúrótìmí ò ṣẹ̀ mí.” Mo fa ìyókù: ikú bàbá, ẹkún, ògiri, “kó wá mú mi,” Bándélé. Nígbà tó parí, wọ́n ní, “Tún un tẹ̀.” Mo tún un tẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ló gé e?” Mo ní, “Èmi ni, sà.” “Ta ló rán ọ?” “Kò sí, sà. Mi ò fẹ́ kí Màmá kúrò lọ́dọ̀ mi ni.” Wọ́n ní, “Sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò mi.” Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń lọ sókè, ṣùgbọ́n wọ́n wa mọ́tò jáde, mo dúró sínú snow, mo ní mo ti pa gbogbo rẹ̀ run tán.

Ilé ni wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, Àǹtí Tàíbátù wà pẹ̀lú wọn, ọmọ wà nínú apẹ̀rẹ̀ mọ́tò rẹ̀. Mo ti jẹ́wọ́ fún Mọ́mì kí wọ́n tó dé. Mọ́mì ò lù mí, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ní, “Mo yọ ọ́ kúrò ní school kí ayé má baà bà ọ́ jẹ́ fún mi. Mo gbé ọ pa mọ́ sílé. Ta ló wá kọ́ ọ ní irú èyí, Morọ́láyọ̀? Ta ni màá lọ bá?” Bí wọ́n bá nà mí, ì bá sàn jù. Uncle wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ọsibítù bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì wa lọ́jọ́sí. Màmá rí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, orí wọn ò lè yí sí ògiri, wọn ò sì gbìyànjú rẹ̀. Omi ń ṣàn lójú tí ò wọ́. “Ò,” ni wọ́n wí. Uncle ní, “Mo ti gbọ́ ọ, Màmá. Mo ti wá gbọ́ ọ.” Wọ́n gbé ọmọ náà sí apá òsì wọn, èyí tó ṣì gbé. “Màmá, Bándélé rè é. Ó ní kí n wá mú yín.” Màmá wo ọmọ náà, wọ́n wò ó títí. “Ò,” bí àgbàlagbà ṣe ń dá ẹni tó kí i lóhùn. Àǹtí Tàíbátù ti báàgì kànrìnkàn àti ọṣẹ náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Mọ́mì ló gbé e wá. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Màmá ò tíì kú, wọn ò sì tíì gbádùn. Mahogany ni wọ́n ń lọ bí ọsibítù bá yọ̀ǹda wọn. Uncle ò tíì pe orúkọ mi láti ọjọ́ yẹn. Bí mo bá wọ yàrá, wọ́n máa ń jáde. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà fún láti gé, mo bẹ̀ yín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gé e kó kúrú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, mo lè fa ohun tí mo gé padà. Mi ò rí ibi tí màá dì mú kí n fa ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn padà, ọjọ́ tí ìyá arúgbó jókòó sójú fèrèsé tí ó gbé ọwọ́ lé báàgì. Uncle Dúró, ẹ foríjì mí, sà. Mọ́mì, ẹ foríjì mí. Bọ̀dá Ọlábánjọ, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí Uncle nínú group, ẹ bá mi kó o jẹ, èmi ni mo gbé e sí yín lẹ́nu. Ẹ pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́. Mo ti fi òmíràn ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi yìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ ṣe sùúrù. Gbogbo ikọ́ Màmá wà níbẹ̀, ẹ̀rín wọn wà níbẹ̀, gèlè tí wọ́n bi mí bóyá ó wọ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ Dúrótìmí, ẹ sún mọ́ fóònù yín dáadáa. Ó kéré, ṣùgbọ́n ẹ óò gbọ́ ọ.